Àrùn Ìfun Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ àti Ẹran Ara Tí Ó Ń Joro

Bí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìbáà ṣe ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ tàbí ní Òró, bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, orúkọ tí àwọn ará ilé a kọ́kọ́ fún àìsàn náà ni jẹ̀díjẹ̀dí. Wọn a ní ohun dídùn ni ó jẹ ní àjẹjù. Wọn a se àgbo fún un kí inú rẹ̀ lè fọ̀, wọn a sì ka ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà léèwọ̀ fún un, títí yóò fi jẹ́ pé ẹ̀kọ nìkan ni ó kù tí ó ń jẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ náà a dáwọ́ dúró fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, gbogbo ilé a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà bá padà sí oko tí ó sì gbé ọkọ́, kò lè kọ ìdajì iye ebè tí ó ti máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Ìfun rẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ ti lọ.

Kò yẹ kí a máa fi ìgbẹ́ nìkan wọn àìsàn ìfun. Bí aláìsàn bá yàgbẹ́ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, gbogbo ilé ni yóò mọ̀; ṣùgbọ́n bí ẹran itan àti ti apá rẹ̀ bá ń dínkù díẹ̀díẹ̀, kò sí ariwo tí ń bá a rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ẹran ara yìí ni yóò fi dìde lórí ibùsùn. Òun ni yóò fi la iṣẹ́ abẹ já bí ó bá di dandan. Òun náà ni yóò sì fi ṣiṣẹ́ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

IRÚ ÀRÙN TÍ ÈYÍ JẸ́

Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ń ṣe ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ni kòkòrò inú omi àìmọ́ tàbí oúnjẹ àìmọ́ ń fà. Èyí ni a ń pè ní ọ̀rìn, oògùn tí ó tọ́ sì lè wò ó sàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òmíràn wá láti inú ìdí yíyọ. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kì í ṣe ti kòkòrò tí a gbé mì, tí kò sì í tán láàárín oṣù kan. Nínú àrùn yìí, àwọn agbára tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa bá kòkòrò jà yí padà, wọ́n sì ń bá ìfun fúnra rẹ̀ jà. Ìfun a wú, a pọ́n, a sì di egbò. Yóò san fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún padà dé, ó sì lè wà pẹ̀lú ènìyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà wá. Èkíní ń ṣe ìfun ńlá, láti ìdí lọ sókè. Samuel Wilks, oníṣègùn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1859. Èkejì lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ìdí, ṣùgbọ́n ìparí ìfun kékeré ni ó fẹ́ràn jù. Ní ọdún 1932 àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní ìlú New York, Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde, láti ìgbà náà ni a sì ti ń pè é ní àrùn Crohn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi rò pé àrùn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Denis Burkitt, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ tí ó ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ àrùn ìfun tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ṣọ̀wọ́n ní àwọn ìletò Áfíríkà, ó sì sọ pé oúnjẹ oníhóró àti ewébẹ̀ tí àwọn ará oko ń jẹ ni ó fa èyí. Lóòótọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí. Ní ọdún 2011 àwọn oníṣègùn ní Zaria kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n rí. Ní ọdún 2012 àwọn oníṣègùn láti ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà sì kọ ìròyìn tiwọn. Láti rí egbò yìí, a ní láti fi ọ̀pá rírọ̀ tí ó ní ìmọ́lẹ̀ wo inú ìfun. Níbi tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ènìyàn lè máa gbé àrùn náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí.

OHUN TÍ Ó Ń JẸ ẸRAN ARA

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., fi tó ìjọba létí ní ọdún 1933, tí a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní ọdún 1945, ti jókòó lórí àpótí wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìjẹ, láìmu, apá wọn kò sì rù. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dàbí ògiri amọ̀ tí òjò ń fọ̀ lọ́dọọdún, tí onílé sì ní láti máa rẹ́ padà. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú ẹran tí ó bo egungun, lójoojúmọ́ ni ó sì ń mọ òmíràn dípò rẹ̀. Bí wíwó bá pọ̀ ju mímọ lọ, ẹran ara yóò joro.

Ní ọdún 1989 ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, fún jíjoro yìí ní orúkọ láti inú èdè Gíríìkì, sarcopenia, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe òṣì ẹran ara. Àwọn arúgbó ni ó ń sọ̀rọ̀ wọn nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn rí i pé òṣì kan náà ń bá àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní àrùn ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́ jà, ní ọ̀nà márùn-ún.

Èkíní, aláìsàn kì í jẹun tó. Inú ń run ún, oúnjẹ a máa rí i lára, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá jẹun, òun yóò tún sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Èkejì, oúnjẹ tí ó jẹ kì í wọ ara rẹ̀ dáadáa. Ibi tí ó yẹ kí oúnjẹ gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ti di egbò, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara tí ó kún fún èròjà sì ń jò jáde láti ibẹ̀ bá ìgbẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni iná inú ara fúnra rẹ̀. Ibi tí ogun bá wà, ogun ní láti jẹun. Nígbà tí ìfun bá ń wú, ara a máa rán àwọn iṣẹ́ kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń pàṣẹ pé kí a fọ́ ẹran itan àti ti apá, kí a lè fi èròjà inú rẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ-ogun ara. Ẹran ara ni àká tí ara ń ṣí nígbà ìyàn. Èyí ni ó mú kí ènìyàn tí ń jẹun dáadáa ṣì lè máa joro bí a kò bá pa iná náà. Ní ọdún 2015 àwọn oníṣègùn ní Australia ròyìn pé nígbà tí wọ́n fún àwọn tí ó ní àrùn Crohn ní oògùn infliximab, tí ń dá ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ibi wọ̀nyí dúró, ẹran itan wọn tóbi padà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹrin ni ìdùbúlẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ọkọ́ tí a kò lò a máa dípẹtà. Ẹran ara tí a kò lò a máa dínkù, àní nínú ẹni tí kò ṣàìsàn.

Ẹ̀karùn-ún ni oògùn kan tí ó gba ẹ̀mí là. Ní ọdún 1955 Truelove àti Witts, àwọn oníṣègùn ní Oxford, fi hàn pé cortisone ń ran àwọn tí àrùn ìfun ńlá yìí ń ṣe lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń lo òun àti àwọn ìbátan rẹ̀, bíi prednisolone, láti pa iná ìfun. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, òun fúnra rẹ̀ a máa jẹ ẹran ara, pàápàá ti itan, a sì máa sọ egungun di aláìlágbára.

BÍ A TI LÈ MỌ̀ Ọ́N

Ojú lásán lè tan ni jẹ. Ẹni tí ó sanra pàápàá lè ní òṣì ẹran ara, nítorí pé ọ̀rá lè bo ibi tí ẹran ti lọ. Bákan náà ni ẹsẹ̀ tí omi kún lè mú kí ìwọ̀n ga lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹran ń dínkù lábẹ́ rẹ̀. Ìdánwò díẹ̀ wà tí a lè ṣe nílé láìná kọ́bọ̀.

Kí aláìsàn jókòó lórí àga tí ó ga níwọ̀n, kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, kí ó dìde dúró gbọnrangandan, kí ó sì jókòó padà, nígbà 5 léraléra. Kí ẹlòmíràn máa wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ kí ó tó parí rẹ̀, tàbí bí kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ ti àga, agbára itan rẹ̀ ti dínkù. Kí a mú okùn tí a fi ń wọn aṣọ, kí a wọn yíyípo apá rẹ̀ ní agbedeméjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, àti ibi tí ó ki jù ní ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Kí a tún bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀: ṣé ó ṣì lè gbé korobá omi kan láti ẹnu kànga? Ebè mélòó ni ó ń kọ kí ó tó sinmi? Ṣé ó ń di ohun kan mú kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn ilé ìsìn?

Àǹfààní àkọsílẹ̀ kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Ní àwọn ọdún 1950, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, David Morley, oníṣègùn ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Ìlẹ́ṣà, ń wọn àwọn ọmọdé lóṣooṣù, ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì kan tí ìyá ọmọ ń tọ́jú fúnra rẹ̀ nílé. Bí ìlà orí káàdì náà bá dúró láìgòkè, wọ́n mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ náà tó rù tán. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Àgbàlagbà tí àrùn ìfun ń ṣe lè ṣe bákan náà. Ní ọjọ́ Àìkú kìn-ín-ní nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìwọ̀n ara rẹ̀, yíyípo apá rẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi dìde nígbà 5, sí etí ojú ewé oṣù náà nínú ìwé yìí. Bí ó bá lọ rí oníṣègùn, kí ó mú un dání.

Ní ti ọmọdé, àmì tí ó hàn gbangba ni pé kì í ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí inú ń run fún oṣù púpọ̀, tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń ga jù ú lọ, kí a má ṣe pè é ní ràrá; kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

NÍPA OÚNJẸ

Èèwọ̀ tí a ń fi lé aláìsàn lọ́wọ́ ni ó ń ran òṣì yìí lọ́wọ́ jù. Ẹ̀kọ rọ ọ̀fun lọ́rùn, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èròjà tí ń mọ ẹran ara, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní purotéènì, kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tàbí ẹni tí ìfun rẹ̀ ti rọlẹ̀, nílò bíi gíráàmù 1 purotéènì lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí àrùn bá gbóná, ó nílò gíráàmù 1.2 sí 1.5. Nítorí náà ẹni tí ó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 72 sí 90 lóòjọ́ ní àkókò náà gan-an tí àwọn ará ilé ń fi ẹ̀kọ lásán bọ́ ọ.

Kò ṣòro láti kó iye yìí jọ. Ẹyin 1 ní bíi gíráàmù 6. Ẹja gíráàmù 100 ní bíi 20. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní bíi 23. Ẹni tí ó jẹ ẹyin 2, ẹja gíráàmù 150, àti ọ̀ọ̀lẹ̀ tí a fi ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ṣe, ti rí gíráàmù 65. Egúsí inú ọbẹ̀, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wọ ọjà, tàbí ẹ̀wà sóyà tí a lọ̀ mọ́ ògì, yóò sì mú un pé. Bí mílíìkì bá ń da inú aláìsàn láàmú, wàrà sábà máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí pé púpọ̀ nínú ṣúgà mílíìkì ti bá omi rẹ̀ lọ nígbà tí a ń fún un.

Bí a ti ń se oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí inú bá ń run, kí a bó èèpo ẹ̀wà kúrò, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí ata má sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí a jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà 5 tàbí 6 lóòjọ́ dípò kí a jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí oníṣègùn bá sọ fún pé ọ̀nà ìfun rẹ̀ ti há, kí ó yàgò fún àgbàdo sísun, èèpo ẹ̀pà, awẹ́ ọsàn tí a kò fà jáde nínú awọ rẹ̀, àti ohunkóhun tí ó ní fọ́nrán líle, kí ó má bàa dí i nínú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kí ó tó fi kún oúnjẹ wọ̀nyí.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní ń sin adìẹ, tí ń kó gbogbo ẹyin rẹ̀ lọ sí ọjà, tí ń fi owó rẹ̀ ra àgbo fún aláìsàn ilé rẹ̀. Ì bá sàn kí aláìsàn náà jẹ ẹyin náà.

NÍPA IṢẸ́ ARA

Oúnjẹ nìkan kò lè mọ ògiri náà bí kò bá sí ẹni tí ń gbé amọ̀. Ẹran ara ní láti rí iṣẹ́ kí ó tó lè dàgbà. Ní ọdún 2020 àwọn olùwádìí ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn nípa àgbàlagbà 47 tí ó ní àrùn Crohn tí kò gbóná. Àwọn kan nínú wọn ń fò sókè, wọ́n sì ń fa ohun tí ó wúwo fún oṣù 6. Agbára ara wọn àti líle egungun wọn pọ̀ ju ti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Aláìsàn tí ara rẹ̀ ń gbóná tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi agbára ṣiṣẹ́. Rírìn díẹ̀ nínú àgbàlá àti dídìde lórí àga nígbà bíi mélòó kan tó fún un. Bí àrùn bá ti rọlẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo díẹ̀ ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, kí ó sì máa sinmi ní ọjọ́ tí ó wà láàárín wọn: kí ó gbé ìdajì korobá omi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó gbé e kún, kí ó kọ ebè 5, lẹ́yìn náà 10. Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì fẹ́ kọ igba ebè ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, yóò padà sórí ibùsùn. Kí àwọn ọmọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀wẹ̀ ràn án lọ́wọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, kí oko má bàa di igbó, kí òun náà má bàa pa ara rẹ̀.

NÍPA OÒGÙN

Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo. Àgbo tí ń ṣu ni a máa fi omi àti iyọ̀ ara ṣòfò nínú ẹni tí ara rẹ̀ ti ń jò tẹ́lẹ̀. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán, tàbí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tí ó ti wà láti ọdún 1952. Bí àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀ bá yẹ, wọn yóò darí aláìsàn sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. A ní láti kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ wò fún kòkòrò ọ̀rìn. A sì ní láti rí i dájú pé kì í ṣe ikọ́ ife ni ó wọ inú ìfun, nítorí pé ó jọ àrùn Crohn gidigidi. Bí a bá fún ẹni tí ó ní ikọ́ ife ní prednisolone láìfún un ní oògùn ikọ́ náà, ikọ́ náà lè tàn ká gbogbo ara rẹ̀.

Èyí ni ó mú kí oògùn tí a ń rà lọ́jà láti fi sanra jẹ́ ewu ńlá. Dexamethasone, ìbátan prednisolone, wà lára oògùn tí àwọn kan ń tà fún àwọn tí ó rù. Ojú ẹni tí ń lò ó a kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a tóbi, àwọn ènìyàn a sì máa kí i kú oríire; bẹ́ẹ̀ ni itan rẹ̀ ń joro lábẹ́ aṣọ. Ẹni tí oníṣègùn ti fún ní irú oògùn yìí, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí èyí náà lè pa á. Kí ó jẹ́ kí oníṣègùn dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá oògùn mìíràn wà tí ó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ bá ń lọ bẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n mú ẹyin tàbí ẹja dání dípò ìgò ohun mímu dídùn. Kí ọ̀kan nínú wọn fà á lọ́wọ́ dìde, kí ó sì bá a rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó kúnlẹ̀ gbàdúrà.